Dísìkì Mẹ̀tírì: bí ohùn àwọn àgbà Sábẹ̀ ṣe padà wá láti inú ẹ̀dà ìpamọ́ tó bàjẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Mẹ̀tírì wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n gbá ọ̀rá dúdú kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin. Mẹ̀tírì ni gbogbo Sábẹ̀, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ń pè wọ́n, torí ọdún 33 ni wọ́n fi kọ́ ọmọdé níwèé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà sì jókòó ní kíláàsì wọn rí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, wọn ò sì jókòó sí àga tí mo fà fún wọn. Wọ́n tú ọ̀rá náà. Dísìkì kékeré kan ló wà níbẹ̀, irú èyí tí a ń fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta.

"Ọmọ mi, ó ń dún ká-ká-ká. Mo kì í bọ kọ̀ǹpútà ọmọ aládùúgbò wa, kọ̀ǹpútà náà bi mí bóyá kí òun tún un ṣe. Mo ní rárá, mo fà á yọ. Ṣé mo ṣe dáadáa?"

"Ẹ ṣe dáadáa gan-an, Mẹ̀tírì."

Mi ò sọ ọ́ láti fi tù wọ́n nínú. Dísìkì tó bá ń dún báyẹn, orí tó ń kàwé lórí àwo inú rẹ̀ ló ń lọ, tó ń bọ̀, tó ń gbìyànjú láti ka ibi kan tí kò ṣeé kà mọ́. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà "tún un ṣe" nírú àsìkò yẹn, yóò máa kọ nǹkan tuntun sórí ohun tó ń kú lọ, yóò máa to àpò àti orúkọ fáìlì bí ó ṣe yé e sí, èyí tí kò bá sì yé e, yóò gé e. Rárá tí Mẹ̀tírì sọ yẹn ló gba iṣẹ́ ọdún 11 là.

Iṣẹ́ wo? Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni Mẹ̀tírì ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn àgbà, nínú Sábẹ̀ fúnra rẹ̀, ní Kaboua, ní àwọn abúlé tó wà lápá odò Ọ̀kpárá tó pààlà àwa àti Nàìjíríà. Oríkì ìdílé, àlọ́, orin ìkómọ, orúkọ àwọn òkè àpáta tó yí ìlú wa ká àti ẹni tó kọ́kọ́ dáko sí ẹsẹ̀ wọn. Ohùn 418 ni gbogbo rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni ohùn náà ni kò sí láyé mọ́. Fọ́tò wọn wà níbẹ̀, ìwé kan tí Mẹ̀tírì ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí wọ́n ti ń to àwọn ọ̀rọ̀ Sábẹ̀ jọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí Faransé àti Yorùbá orí rédíò ti ń lé kúrò lẹ́nu àwọn ọmọ wa.

Inú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni gbogbo ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà já bọ́ láti orí tábìlì nígbà òjò, dísìkì inú rẹ̀ ò sì jí mọ́. Àmọ́ lọ́dún tó ṣáájú, ọmọ ọmọ wọn tó ń kàwé ní Abomey-Calavi ti wá lo ìsinmi nílé. Ó fi klé USB tí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, wà nínú rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà náà, ó sì fi àṣẹ dd kó dísìkì inú rẹ̀ látòkèdélẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo lórí dísìkì ìta yìí: metiri.img, báìtì 160,041,885,696. Ohun tí àwa ń pè ní ímáàjì nìyẹn. Kì í ṣe fọ́tò o. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá da odidi ilé kọ, àti yàrá tó kún àti yàrá tó ṣófo, títí kan ìwé tí wọ́n kọ ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan wà sí. Ilé gidi ti wó. Ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ló kù, orí ohun tí ẹ̀dà náà sùn lé sì ti ń jẹrà.

Kí n tó so dísìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo kọ́kọ́ pa ètò tó máa ń ṣí dísìkì fúnra rẹ̀ bí a bá ti kì í bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí èyí. Lẹ́yìn náà ni mo fi blockdev --setro sọ ọ́ di ohun tí a lè kà ṣùgbọ́n tí a kò lè kọ nǹkan sí, mo sì fi smartctl bi í bí ara rẹ̀ ti rí. Nọ́ńbà tí mo ń wò ni Current_Pending_Sector, ìyẹn iye sẹ́kítọ̀ (ẹ̀ka kéékèèké oníbáìtì 512 tí a pín dísìkì sí) tí dísìkì fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ò lè kà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó jẹ́ 1,208. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí mo ti kà á já, ó ti di 2,416. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan la gbọ́dọ̀ kà á, kí a kà á dáadáa, kí a sì gbé e tì.

Irinṣẹ́ tí mo fi kà á ni ddrescue, èyí tí Antonio Diaz Diaz kọ. Lórí Debian àti Ubuntu, irú Linux méjì, gddrescue lẹ máa béèrè nílé ìkó-ètò-sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ddrescue ni orúkọ àṣẹ náà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí dd lásán ni pé dd máa ń lọ tààrà. Bó bá kan ibi tó bàjẹ́, á dúró, tàbí kó máa kọlù ú títí tí dísìkì fi máa kú sí i lọ́wọ́. Ddrescue dà bí ẹni tó ń ṣa kajú. Á kọ́kọ́ ṣa èyí tó wà ní gbalasa, á fo ibi tí ẹ̀gún wà, ìgbà tí apẹ̀rẹ̀ bá ti kún ni yóò tó padà wọ inú ẹ̀gún.

```
sudo ddrescue -d -n /dev/sdb /mnt/gba/lode.img /mnt/gba/lode.map
sudo ddrescue -d -r3 /dev/sdb /mnt/gba/lode.img /mnt/gba/lode.map
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ti gbalasa, ìkejì ni ti ẹ̀gún, ó sì máa padà gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Fáìlì kẹta, lode.map, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, èèyàn lè ṣí i kà: ibi tí a ti kà ní àmì +, ibi tí kò ṣeé kà ní àmì -. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lóru ọjọ́ yẹn. Ní ìgbà méjèèjì, mo tún tẹ àṣẹ kan náà, ó ka lode.map, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé láìpadà sẹ́yìn. Láìsí fáìlì kékeré yẹn, iṣẹ́ bíi wákàtí márùn-ún ì bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lórí dísìkì tí kò ní wákàtí márùn-ún mìíràn nínú.

Ní òpin rẹ̀, nínú báìtì 500,107,862,016 tí dísìkì ìta náà gbà, 1,236,992 péré ni kò ṣeé kà. Ìyẹn jẹ́ búlọ́ọ̀kù 302, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 4,096. Kò pé mẹ́ta nínú mílíọ̀nù kan. Mo pe Mẹ̀tírì lórí fóònù, inú wọn dùn. Inú tèmi kò tíì dùn, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí búlọ́ọ̀kù 302 náà bọ́ sí. Bí wọ́n bá bọ́ sí ibi tó ṣófo, a ò sọ nǹkan kan nù. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá bọ́ sí ibi tí kò dára, odidi àpò lè pòórá.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mo ka sí ọkàn iṣẹ́ yìí. Ibi tí ddrescue kò lè kà, òdo ló wà níbẹ̀ nínú ẹ̀dà. Òdo sì pọ̀ nínú fáìlì tó yè kooro náà, nítorí náà, ojú lásán kò lè mọ èwo ni ọgbẹ́. Àmọ́ ddrescue lè gba ìwé ọgbẹ́ yẹn, lode.map, kó sì fi ọ̀rọ̀ tí a bá fẹ́ kún gbogbo ibi tó ní àmì -. Mo kọ́kọ́ kó ímáàjì Mẹ̀tírì jáde bó ṣe wà, mo pè é ní mimo.img, mo sì pinnu pé ọwọ́ kankan kò ní kàn án mọ́. Lẹ́yìn náà:

```
printf 'BAJE-' > ami.txt
ddrescue --fill-mode=- ami.txt /mnt/gba/lode.img /mnt/gba/lode.map
```

Mo tún kó ímáàjì náà jáde lẹ́ẹ̀kejì, mo pè é ní ami.img. Nínú èyí, gbogbo ojú ọgbẹ́ ni a ti kọ BAJE-BAJE-BAJE- sí. Ẹ̀dà méjì ló wà báyìí: ọ̀kan fún ọwọ́ wa, ọ̀kan tí a kò ní fọwọ́ kàn. Dísìkì Mẹ̀tírì fúnra rẹ̀, mo dá a padà sínú ọ̀rá dúdú rẹ̀, mo sì gbé e sórí àjà. N ò tún tan án mọ́ títí dòní.

Ó wá ku ká ṣí ami.img. Fdisk, irinṣẹ́ tó ń sọ bí a ṣe pín dísìkì, sọ fún mi pé ìpín àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́kítọ̀ 2048, ext4 sì ni, ìyẹn ọ̀nà kan tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísìkì. Mo fi losetup -r -P gbé e kalẹ̀, mo ní kí ó so mọ́ àpò kan. Ó kọ̀: bad superblock, ló wí.

Superblock ni ojú ìwé tí ext4 kọ ìtàn ara rẹ̀ sí: bí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ṣe tóbi tó, àti iye tí wọ́n jẹ́. Báìtì 1,024 sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpín ló máa ń wà. Ìpín yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2048 × 512, ìyẹn 1,048,576. A fi 1,024 kún un, ó di 1,049,600. Mo lọ wo ibẹ̀ gan-an:

```
xxd -s 1049600 -l 64 ami.img
```

BAJE-BAJE-BAJE- ni mo rí, láti etí kan dé èkejì. Ó yẹ kí báìtì méjì tí a ń kọ ní 53 EF wà níbẹ̀, èyí tí ext4 fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀. Ká ní mimo.img ni mo wò, òdo ni mi ò bá rí, mi ò bá sì máa rò pé bóyá ìpín náà ò bẹ̀rẹ̀ níbi tí fdisk sọ, tàbí pé ọmọ ọmọ Mẹ̀tírì ṣe àṣìṣe nígbà tó ń da kọ̀ǹpútà náà kọ. Àmì náà gbà mí lọ́wọ́ ìrònú òfìfo. Ọgbẹ́ ni, ibi tó wà nìyí, ó tán.

Àwọn tó ṣe ext4 mọ̀ pé ojú ìwé yìí lè bàjẹ́, wọ́n sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Ext4 máa ń pín búlọ́ọ̀kù sí agbo-agbo. Bí búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ báìtì 4,096, agbo kọ̀ọ̀kan máa ń gba búlọ́ọ̀kù 32,768, ẹ̀dà superblock sì máa ń wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn agbo kan: 32768, 98304, 163840, 229376, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tẹ sb=32768 fún mount, àṣẹ tí a fi ń so ìpín mọ́ àpò. Ó tún kọ̀. Mo tẹ 98304. Ó kọ̀. Àyà mi já. Fún bíi ìdajì wákàtí ni mo rò pé gbogbo ẹ̀dà ló ti lọ, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wà nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà ext4: mount kì í ka búlọ́ọ̀kù bí a ṣe ń kà á. Kìlóbáìtì kan-kan ló fi ń kà. Búlọ́ọ̀kù 32,768 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlóbáìtì mẹ́rin jẹ́ 131,072.

```
sudo mount -o ro,noload,sb=131072 /dev/loop1p1 /mnt/ami
```

Ó wọlé. Noload yẹn ló ní kí ó má fọwọ́ kan ìwé ìrántí iṣẹ́ tí kò parí, torí bí a bá ń ka ohun tó bàjẹ́, a kì í fẹ́ kó máa parí iṣẹ́ kankan. E2fsck ńkọ́, irinṣẹ́ tó ń yẹ ext4 wò tó sì ń tún un ṣe? -b 32768 -B 4096 ló ń lò, ó ń ka búlọ́ọ̀kù ní búlọ́ọ̀kù. Irinṣẹ́ méjì, fáìlì-sístẹ́ẹ̀mù kan, òǹkà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi.

Àwọn àpò yọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Sábẹ̀, Ọ̀kpárá, Fọ́tò, Ìwé. Gbogbo wọn ṣí. Kaboua nìkan ló kọ̀. Àpò Kaboua wà, orúkọ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó ṣí, "Structure needs cleaning" ló ń dá mi lóhùn. Ohùn 63 ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Àpò lójú Linux kì í ṣe àpótí tí fáìlì wà nínú rẹ̀. Ìwé orúkọ lásán ni: orúkọ kan, nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn ló ń tọ́ka sí káàdì tí ìtàn fáìlì náà wà, ọjọ́ tí a kọ ọ́, bó ti tóbi tó, búlọ́ọ̀kù wo àti wo ni ara rẹ̀ wà. Ìwé orúkọ 63 lè gba inú búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo yẹn sì ni BAJE- bọ́ sí. Nítorí náà, orúkọ ló lọ. Mo gbà pé káàdì àti ara fáìlì wà.

Mo kọ́kọ́ ṣe e2fsck -fn láti wo ohun tó máa ṣe láìjẹ́ kó ṣe é, mo ka gbogbo ohun tó kọ, mo sì rí i pé kò sí ewu ńlá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó ṣe é lórí ami.img nìkan, pẹ̀lú -fy. Bó ṣe parí, mo wo inú lost+found, àpò tí e2fsck máa ń kó fáìlì tí orúkọ wọn ti sọnù sí. Fáìlì 63 ló wà níbẹ̀, kò ku ọ̀kan, kò lé ọ̀kan. Àmọ́ orúkọ wọn jẹ́ #393221, #393222, títí lọ. Nọ́ńbà káàdì wọn nìyẹn.

Mo sọ fún Mẹ̀tírì pé ohùn Kaboua ti padà, ṣùgbọ́n pé n ò mọ èwo ni ti ta ni. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Mò ń bọ̀." Wákàtí kan lẹ́yìn náà ni wọ́n wọlé, ìwé àjákọ mẹ́rin wà lọ́wọ́ wọn, irú èyí tí ọmọ ilé-ìwé ń lò, tí wọ́n fi bébà dúdú bò lẹ́yìn.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Mẹ̀tírì ti ń fi bírò kọ gbogbo ohùn tí wọ́n bá gbà: ọjọ́, ilé ẹni, ohun tí ẹni náà sọ, àti bí ohùn náà ṣe gùn tó ní ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá. Ojú máa ń ti àwọn ọmọ wọn nítorí àṣà yẹn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n sì jókòó lọ́jọ́ náà. Mo fi ffprobe wọn gígùn fáìlì kọ̀ọ̀kan, mo fi stat wo ọjọ́ tó wà lára káàdì rẹ̀, mo sì ń kà wọ́n sókè.

"Ìṣẹ́jú 12, àáyá 47. Oṣù kọkànlá."

Ìka Mẹ̀tírì á máa rìn lórí ìwé. "Ó wà níbí. Ilé alágbẹ̀dẹ. Àlọ́ ìjàpá àti erin."

"Ìṣẹ́jú 31, àáyá 20. Oṣù kejì."

Wọn ò wo ìwé fún èyí. "Ti màmá yẹn nìyẹn. Ìran bàbá rẹ̀."

A ṣe é títí tí iná ìta fi tàn. Ohùn 58 ni ọjọ́ àti gígùn wọn bá ìwé mu láìsí iyèméjì. Márùn-ún kù tí ọjọ́ wọn ti yí padà nígbà tí wọ́n ń kó wọn láti inú ẹ̀rọ sínú kọ̀ǹpútà. A tẹ́tí sí wọn, Mẹ̀tírì sì mọ ẹni kọ̀ọ̀kan kí ẹni náà tó kí wọn tán. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, n ò rí i rí kí ìwé àjákọ àti káàdì inú dísìkì ran ara wọn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Orúkọ ti padà. Ìbéèrè kejì ni: nínú gbogbo ohun tí a gbà padà, èwo ló ní ihò nínú? Èyí ni àwọn tó ń gba fáìlì padà kì í sábà dáhùn. Wọ́n á kó fáìlì fún oní-nǹkan, fáìlì á ṣí, oní-nǹkan á dúpẹ́, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni yóò kan ibi tó bàjẹ́, nígbà tí dísìkì tí a lè padà sí kò sí mọ́. Àmì tí a kọ yẹn ni ìdáhùn, grep ló sì ń dárúkọ fáìlì tó bá rí i nínú wọn:

```
grep -rl 'BAJE-BAJE' /mnt/ami
```

Nínú ímáàjì náà, búlọ́ọ̀kù 211 ló ní ọgbẹ́. Ọ̀kan ni superblock, ọ̀kan ni ìwé orúkọ Kaboua. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n bọ́ sínú fáìlì Linux fúnra rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè tún gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Mẹ́tàdínláàádóje bọ́ síbi tó ṣófo. Nínú gbogbo iṣẹ́ Mẹ̀tírì, fáìlì mẹ́ta péré ni grep dárúkọ: fọ́tò kan, ìwé ọ̀rọ̀ Sábẹ̀, àti ohùn kan nínú àwọn ti Kaboua.

Fọ́tò ní búlọ́ọ̀kù méjì tó bàjẹ́. Orí àti èjìká bàbá tó wà nínú rẹ̀ hàn kedere, láti àyà lọ sísàlẹ̀ ti di eérú. Mẹ̀tírì ní ojú lòun fẹ́, ojú sì wà.

Ìwé ọ̀rọ̀ ló dùn mí jù. Búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, báìtì 4,096, nínú ìwé olójú-ewé 112. Àmọ́ fáìlì ODT kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbalaja. Ọ̀rọ̀ tí a fún pọ̀ ni, bí àgbàdo inú àpò tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tó wà níwájú la fi ń túmọ̀ èyí tó wà lẹ́yìn. Mo fi unzip -p tú content.xml inú rẹ̀, ó tú dé ojú-ewé 67, ó sì dúró síbi ọgbẹ́. Ojú-ewé 45 tó kù, kò sí irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ mi tó lè tú u. Ọlọ́run ṣe é, Mẹ̀tírì ti tẹ ojú-ewé 98 àkọ́kọ́ sórí bébà fún ọ̀rẹ́ wọn kan láti bá wọn yẹ̀ wò. Ohun tó lọ pátápátá jẹ́ ojú-ewé 14, inú ìwé àjákọ ni wọ́n sì ti ń tún un kọ báyìí.

Ẹ wá fi èyí wé ohùn. Fáìlì WAV ni ohùn Mẹ̀tírì, a kò fún un pọ̀ rárá. Ihò inú ohùn Kaboua yẹn tóbi ju ti ìwé lọ ní ìlọ́po 48: búlọ́ọ̀kù 48 tó tẹ̀léra, báìtì 196,608. Ẹ̀rọ Mẹ̀tírì ń gba ẹyọ ohùn 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹyọ kan jẹ́ báìtì 2, etí kan ló ń gbà. Báìtì 88,200 ni àáyá kan. Ihò náà jẹ́ àáyá 2.23. Ọgbẹ́ ńlá gba àáyá méjì lọ́wọ́ ohùn; ọgbẹ́ kékeré gba ojú-ewé 45 lọ́wọ́ ìwé.

Nígbà tí mo ń bá ọmọ ọmọ Mẹ̀tírì sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó tọrọ gáfárà pé òun ò fi gzip fún ímáàjì náà pọ̀, pé òun jẹ́ kó gba àyè púpọ̀. Mo ní kó má tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ká ní ó fún un pọ̀ ni, ibi ihò àkọ́kọ́ ni gunzip ì bá dúró sí, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ì bá sì di ìṣòro ńlá. Bí èèyàn bá máa fún ímáàjì pọ̀, kó ní ju ẹ̀dà kan lọ.

Mo tún jẹ́ kí PhotoRec, ti Christophe Grenier, rìn kọjá lórí mimo.img ní òru kan, bóyá a máa rí ohun tí a ti pa rẹ́ nígbà kan. Fọ́tò díẹ̀ ló mú wá, Mẹ̀tírì ò sì nílò wọn. Èmi kì í fi irinṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sáré sí. Kì í wo ìwé orúkọ, kì í wo káàdì. Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ló ń wá lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ohùn 418 láìlórúkọ, láìlọ́jọ́, ì bá gba Mẹ̀tírì ní ọ̀pọ̀ oṣù.

Ó ku ohùn tó ní ihò. Grep -abo sọ pé àmì náà bẹ̀rẹ̀ ní báìtì 74,792,960 fáìlì #393284. Mo yọ 44 tí orí fáìlì WAV gbà, mo pín in sí 88,200: ìṣẹ́jú 14, àáyá 8. Mo jẹ́ kí ohùn náà dún láti ìṣẹ́jú 13. Ohùn ìyá àgbà kan ni, ó ń ka ìran bàbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró sinmi láàárín orúkọ kan sí èkejì. Ní ìṣẹ́jú 14 àti àáyá 8, ohùn rẹ̀ gé, ìró kan sì wọlé bíi fèrè tó mú. BAJE- fúnra rẹ̀ là ń gbọ́. Báìtì márùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà, nínú ẹyọ ohùn onibáìtì méjì, ó ń yí po lẹ́yìn ẹyọ márùn-ún, bíi ìgbà 8,820 láàárín àáyá kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá náà padà, ó sì ti wà lórí orúkọ mìíràn.

A ò lè fi fèrè yẹn sílẹ̀. Mo padà sí mimo.img tí ọwọ́ kankan kò tíì kàn. Níwọ̀n bí lost+found ti fi nọ́ńbà káàdì sọ fáìlì lórúkọ, nọ́ńbà yẹn kan náà ni mo fi béèrè rẹ̀ níbẹ̀:

```
sudo debugfs -c -b 4096 -s 32768 -R 'dump <393284> /mnt/gba/kaboua-iran.wav' /dev/loop2p1
```

Fáìlì náà jáde, òdo ló sì wà nínú ihò rẹ̀. Òdo nínú ohùn ni ìdákẹ́jẹ́.

Mẹ̀tírì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo bi wọ́n bóyá kí n gé ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò kí ohùn náà lè so pọ̀.

"Má so ó pọ̀," ni wọ́n wí. "Bí o bá so ó, ẹni tó máa gbọ́ ọ lẹ́yìn mi á rò pé bàbá ẹni kan bí ẹni tí kò bí."

Wọ́n ṣí ìwé àjákọ. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba ohùn náà ni: ìran bàbá, méje. A jókòó, a kà á. Mẹ́fà là ń gbọ́. Orúkọ kẹrin ló bọ́ sínú àáyá 2.23 náà, ìyá tó sọ ọ́ sì ti kú. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà: ìṣẹ́jú 14, àáyá 8, ẹnìkan kù.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gbé Mẹ̀tírì sẹ́yìn alùpùpù mi, a lọ sí Kaboua. Àbúrò ìyá náà wà láyé, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò inú àgbàlá. Mẹ̀tírì kí i pẹ́ kí wọ́n tó béèrè. Wọ́n ka mẹ́ta àkọ́kọ́ fún un, wọ́n dúró. Kò ronú rárá. Ó dárúkọ ẹni kẹrin, ó sì fi oríkì rẹ̀ lé e, èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò kà nínú ohùn ti tẹ́lẹ̀.

Fáìlì tuntun náà gùn ní ìṣẹ́jú-àáyá 19. Mo ṣe sha256sum rẹ̀, àmì tó máa fi hàn bí báìtì kan bá yí padà nínú rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà mi kí a tó kúrò ní àgbàlá náà, mo sì dà á kọ sórí dísìkì méjì tí mo gbé dání; ẹ̀kẹta lọ sọ́dọ̀ ọmọ ọmọ wọn ní Abomey-Calavi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mẹ̀tírì kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ.